Níbo la ó sùn létíkun Benin: Kútọnu, Ouidah àbí Grand-Popo?

Lẹ́tà mẹ́ta ló dé tábìlì mi lóṣù yìí lórí etíkun Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Ti àkọ́kọ́ gùn, ó sì kan ọ̀pọ̀ ìdílé, nítorí náà òun ni mo fún láàyè jù.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi, èmi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta (ọmọ ọdún 13, 9 àti 6) àti ìyá ọkọ mi tó jẹ́ ẹni ọdún 71 fẹ́ gbé ọkọ̀ wa lọ sí Benin lẹ́yìn ọdún Kérésì. Ọjọ́ méje la ní. A ò lọ ra ọjà. Ohun tá a fẹ́ ni ká rí etíkun náà dáadáa, láti ìhà tiwa níbí títí dé ìhà Togo. Ọkọ mi ní Kútọnu la máa dé sí, pé ìlú ńlá ni, kò sí ohun téèyàn ń wá níbẹ̀ tí kò ní rí. Èmi fẹ́ ibi tí màá ti máa gbọ́ ìró òkun lálẹ́. Arábìnrin kan ní ìjọ wa ní Grand-Popo ló dára jù. Ọkọ mi nìkan ló ń wa mọ́tò láàárín wa. Ẹ jọ̀ọ́, ibo la máa fi ṣe ibùdó? *Ìyá Bọ́lá, Ìkòròdú.*

Ìyá Bọ́lá, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Ẹ bá mi kí Màmá.

Ouidah ni kí ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Ẹ sun òru mẹ́rin níbẹ̀, kí ẹ wá lo òru méjì tó kù ní Grand-Popo. Ẹ kàn kọjá ní Kútọnu ni, ẹ má sùn níbẹ̀. Mo mọ̀ pé Bàbá Bọ́lá á fẹ́ mọ ìdí, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìyókù sí wọn létí.

Ohun tí wọ́n sọ nípa Kútọnu, èmi náà sọ ọ́ rí. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ìyá mi sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kó àǹkárá láti ọjà Dantokpa wá sí Èkó. Mo rò pé mo mọ Kútọnu tinú-tòde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó ìyàwó àti àwọn ọmọ mi lọ wo etíkun, ilé ìtura kan nítòsí èbúté ọkọ̀ òkun ni mo gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago méje la jáde pé à ń lọ sí Ouidah. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ ààbọ̀, abẹ́ afárá Godomey la ṣì wà. Oríta Godomey yẹn ni gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn àti èyí tó ń gba Calavi lọ sókè ti ń pàdé, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo wọn ń gbà wọlé nírọ̀lẹ́. Nígbà tá a ń padà bọ̀, ẹ̀yìn tírélà la wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Èyí àbíkẹ́yìn wa sùn lọ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, a gbé e wọlé láìjẹun. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ọmọ mi obìnrin bi mí pé, "Dádì, ọjọ́ wo la máa dé òkun?" Bẹ́ẹ̀, láti yàrá wa sí òkun kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí kì í bá ṣe ti ògiri èbúté tó dí wa lọ́nà.

Láti ọdún náà, ìbéèrè kan ni mo fi ń yan ibùdó létíkun èyíkéyìí: ṣé ẹni tó kéré jù àti ẹni tó dàgbà jù nínú wa lè fẹsẹ̀ rìn dé etí òkun láìdúró de dẹ́rẹ́bà? Nínú ilé tiyín, ọmọ ọdún mẹ́fà àti ìyá ẹni ọdún 71 ni. Bí àbíkẹ́yìn yín bá jí láago mẹ́fà ààbọ̀ tó fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn, kí Màmá fà á lọ́wọ́, kí wọ́n jọ lọ, kí bàbá rẹ̀ máa sùn. Mọ́tò ẹ̀ ń bọ̀ wá rìn púpọ̀ lọ́sàn-án, ó yẹ kó sinmi láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹ wo bí ọ̀nà náà ṣe rí. Téèyàn bá kọjá bodè Sẹ̀mẹ̀ sí Kraké, nǹkan bí kìlómítà 30 ni Kútọnu wà. Láti Kútọnu sí Ouidah jẹ́ bí 40. Láti Ouidah sí Grand-Popo ju 40 lọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò tó 20 mọ́ kí ẹ tó kan Hillacondji, níbi tí Togo ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo etíkun Benin kò gùn rárá. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti máa kó ẹrù láti ilé ìtura kan sí òmíràn lójoojúmọ́. Ibùdó kan, tó bá pọ̀ jù méjì, ti tó.

Ìdí kejì tí mo fi mú Ouidah ṣáájú Grand-Popo kò sí nínú ìwé atọ́nà kankan tí mo kà, ojú mi ló kọ́ mi. Etíkun yìí nà gbalaja láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó bá sùn ní Grand-Popo tó fẹ́ lọ wo Ouidah láàárọ̀, ìlà-oòrùn ló kọjú sí, oòrùn á máa gún un lójú. Tó bá ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, ìwọ̀-oòrùn ló tún kọjú sí, oòrùn náà á tún bá a níwájú. Ẹni tó bá sùn ní Ouidah tó sì ń lọ sí ìhà Grand-Popo, ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn wà ní àlọ, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ló wà ní àbọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọyẹ́ á ti bo gbogbo ojú ọ̀run, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á pupa, eruku á tàn yanran lójú gíláàsì, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan á sì máa yọ lọ́tùn-ún lósì láìtan iná. Dẹ́rẹ́bà kan ṣoṣo lẹ ní. Mo ti wa mọ́tò lójú ọ̀nà yẹn pẹ̀lú oòrùn lójú, mo sì mọ bí orí ṣe ń fọ́ mi tó nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Àwọn tí kò dé Ouidah rí rò pé etí òkun ni ìlú náà jókòó sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú wà lókè, òkun wà ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin sí i, ọ̀sà sì wà láàárín. Ẹni tó bá gba yàrá ní Ouidah láìbèèrè lè bá ara rẹ̀ láàárín ọjà, kó sì jẹ́ pé ìró zémidjan ni yóò máa gbọ́ lálẹ́. Ẹ sọ fún wọn ní pàtó pé ìhà etíkun lẹ fẹ́, níbi tí Porte du Non-Retour wà, Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀. Sísùn nísàlẹ̀ níbẹ̀ ní ìnira tirẹ̀. Ilẹ̀ ṣú sí i, ẹ̀fọn ọ̀sà kò kéré, ẹ gbé àwọ̀n ẹ̀fọn tiyín dání. Wọn kì í ṣe oúnjẹ pamọ́ de àlejò: láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ ohun tẹ́ ẹ máa jẹ lálẹ́, kí wọ́n lè rí ẹja rà lọ́wọ́ apẹja. Àmọ́ ìró òkun tẹ́ ẹ ń fẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọ̀nà tó so ìlú pọ̀ mọ́ òkun yẹn, òun ni wọ́n ń pè ní Route des Esclaves, ọ̀nà tí wọ́n da àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀. Ẹ máa gbà á kọjá lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, ẹ wá àyè, kí ẹ rọra gbà á láti ìlú wá sísàlẹ̀, kí àwọn ọmọ máa sọ̀ kalẹ̀ wo àwọn ère tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ibi tí ọ̀sà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó kan Djègbadji, abúlé àwọn obìnrin oníyọ̀. Wọ́n á ha ilẹ̀ oníyọ̀ etí ọ̀sà, wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á da omi sí i, omi iyọ̀ tó bá ro jáde nísàlẹ̀ ni wọ́n á gbé kaná títí á fi gbẹ di iyọ̀ funfun. Iṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ẹ ó bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó yọ fóònù láti ya fọ́tò, kí ẹ sì ra iyọ̀ díẹ̀. Ìyá mi kì í fi iyọ̀ mìíràn se ẹja.

Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ fúnra rẹ̀, ní 1995 ni wọ́n ṣí i. Bí ọ̀sán bá pọ́n, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn oníṣòwò ère á ti kún ibẹ̀. Àǹfààní tó wà nínú sísùn létí rẹ̀ ni pé ẹ lè lọ síbẹ̀ nígbà tí ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, tí kò sí ẹlòmíràn àfi àwọn apẹja. Bí àkọ́bí yín, ọmọ ọdún 13, bá bèèrè pé kí ló kan àwa níbẹ̀, ẹ sọ ìtàn Kossola fún un. Ní 1860, ọkọ̀ òkun Clotilda kó ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún láti etíkun yìí lọ sí Mobile, ní Alabama ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí òfin ti ka òwò náà léèwọ̀ tipẹ́. Kossola, ọmọ Yorùbá, wà nínú wọn. Cudjo Lewis ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, òun àti àwọn tí wọ́n jọ wá kò rí owó ọkọ̀ tó máa gbé wọn padà, ni wọ́n bá ra ilẹ̀, wọ́n tẹ abúlé tiwọn dó, Africatown. Ó wà láàyè títí di 1935. Mo ti dúró níbẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, mi ò tíì lè sọ ìtàn náà délẹ̀ láìdánu dúró.

Nínú ìlú, Màmá máa gbádùn ibì kan ju gbogbo wa lọ. Ilé òrìṣà àwọn òjòlá, Dangbé, àti ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ńlá, Basilique, kọjú síra wọn gan-an, títì nìkan ló là wọ́n láàárín. Bí Màmá kò bá fẹ́ rí ejò, ẹ fún wọn ní ìjókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ sọdá. Odi àwọn Potogí tí wọ́n kọ́ ní 1721 náà wà nílùú, àti ilé Villa Ajavon, ilé ọdún 1922 tí Fondation Zinsou sọ di ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní 2013. Ilé náà fúnra rẹ̀ tó ìran wò. Irú iṣẹ́ bíríkìlà àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ tẹ́ ẹ mọ̀ ní Ìta Fájì àti Campos l'Ékòó ni, ojú fèrèsé gígùn, ọ̀dà aláràbarà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ṣe pàtàkì. Nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ni ọdún Vodun, ìsinmi ìjọba ni ní gbogbo Benin, Ouidah sì ni ojúkò rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, yàrá kì í ṣẹ́kù, owó rẹ̀ á sì ti gòkè. Ẹ ní ẹ̀yìn Kérésì lẹ máa lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ẹ gbéra ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, kí ẹ ti kúrò nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ 4. Bí ọdún náà gan-an lẹ bá fẹ́ wò, oṣù Kẹsàn-án ló yẹ kẹ́ ẹ ti gba yàrá.

Ọjọ́ àlọ yín: kí mọ́tò jáde ní Ìkòròdú láago mẹ́rin ìdájí. Kìlómítà kọ́ ni ìṣòro ọ̀nà Àgbádárìgì, àwọn tó ń dáni dúró lójú rẹ̀ ni. Bí ẹ bá kọjá bodè kó tó di aago mẹ́wàá, ẹ ó la Kútọnu kọjá lọ́sàn-án nígbà tí ọ̀nà ṣì já fáfá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gba òpópó ńlá lọ sí Ouidah. Ẹ ya sí Fidjrossè, àdúgbò etíkun Kútọnu, kí ẹ gba Route des Pêches, ọ̀nà àwọn apẹja, tó bá òkun rìn lọ títí dé Ouidah. Nígbà èwe mi, iyanrìn pátápátá ni, àwa ọmọdé la máa ń bá wọn ti mọ́tò. Ní báyìí, ọ̀dà ti dé orí rẹ̀ láti ìhà Kútọnu wá. Òkun lọ́wọ́ òsì, igi àgbọn lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀sà lẹ́yìn igi àgbọn. Ẹ rọra rìn, torí ọmọdé àti ewúrẹ́ ló ni ọ̀nà yẹn. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí ogójì ènìyàn tó tò sórí okùn kan, tí wọ́n ń fà á látinú òkun pẹ̀lú orin, ẹ dúró. Àwọ̀n ńlá ni wọ́n ń fà, ó lè gbà wọ́n ní wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kì í bínú tí àlejò bá dì í mú pẹ̀lú wọn. Àwọn ọmọ mi fa okùn náà títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi pọ́n, ìgbà tí àwọ̀n gúnlẹ̀ wọ́n fún wa ní ẹja mẹ́rin, a ò sanwó. Bí aago mẹ́rin bá ti lù kẹ́ ẹ tó dé Fidjrossè, ẹ gbàgbé Route des Pêches lọ́jọ́ náà, ẹ gba òpópó.

Láti Ouidah, ọjọ́ kan ni kẹ́ ẹ yà kúrò létí òkun lọ sí Possotomè, lẹ́bàá adágún Ahémé. Orísun omi gbígbóná wà níbẹ̀, omi inú ike tí wọ́n ń tà káàkiri Benin lórúkọ Possotomè, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ní àlọ, ẹ dúró ní Comé, kí ẹ ra ablo lẹ́bàá títì. Ìrẹsì àti àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ooru omi sè ni, ó rọ̀, ó dùn díẹ̀, wọ́n ń fi ẹja díndín àti ata tì í. Ọmọ tí kì í jẹ ẹ̀kọ á jẹ ẹ́. Ní etíkun, ẹ bèèrè dakouin, gàárì tí wọ́n rò nínú omi ẹja tútù. Èyí tí mo jẹ nílé apẹja kan lẹ́yìn Avlékété, mi ò tíì rí irú rẹ̀ nínú ilé oúnjẹ kankan.

Grand-Popo wá ni ìsinmi yín. Ibi tó dákẹ́ jù létíkun náà ni, arábìnrin ìjọ yín kò parọ́. Mi ò kàn fẹ́ kẹ́ ẹ máa sáré láti ibẹ̀ lọ ibòmíràn ni. Ẹ dé ibẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, kí ẹ gbàgbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ìlú òwò ńlá ni nígbà kan, àmọ́ òkun ti jẹ púpọ̀ nínú ìlú àtijọ́ náà, ilé àwọn oníṣòwò òyìnbó àti òpópó wọn wà nínú omi báyìí. Àwọn àgbà ibẹ̀ á nawọ́ sí ojú òkun, wọ́n á ní "ibí yìí ni ṣọ́ọ̀bù wà." Láàárọ̀, ẹ háyà ọkọ̀ ojú omi lórí odò Mono lọ sí Bouche du Roy, ẹnu odò, ibi tí Mono ti ń dà sínú òkun. Inú igbó ẹ̀gbà (mangrove) lẹ ó gbà kọjá, ẹyẹ ńlá á máa fò lórí yín. Ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò bá fún gbogbo yín ní ẹ̀wù tó ń gbani là lómi, pàápàá Màmá àti ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí wọ́n bá ní kò tó, ẹ dúró de òmíràn.

Ọ̀rọ̀ Togo: ẹ rí i, ẹ má gbé mọ́tò dé ibẹ̀. Ìwé bodè kejì nítorí ìdajì ọjọ́ kan kò tọ́ sí wàhálà rẹ̀. Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ ní Grand-Popo, ẹ wọ takisí dé Hillacondji, ẹ fẹsẹ̀ kọjá, ẹ tún wọ òmíràn lọ sí Aného, kò jìnnà rárá. Ibẹ̀ ni àwọn Jámánì fi ṣe olú ìlú Togo kí wọ́n tó gbé e lọ sí Lomé ní 1897. Afárá wà lórí ọ̀sà rẹ̀ níbi tó ti pàdé òkun, ẹ jókòó nítòsí rẹ̀, kí ẹ jẹ ẹja yíyan. Owó sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná. Aago wọn ló yàtọ̀: Togo fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Benin àti Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ aago mẹ́rin lẹ rí lára ògiri Aného, márùn-ún ti lù ní Grand-Popo.

Ó dùn mí pé mi ò rí Àjàṣẹ́ fi sínú ètò yìí, ìlú mi ni, Màmá ì bá sì gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ títí wọ́n á fi rò pé Abẹ́òkúta làwọn wà. Àmọ́ orí ọ̀sà ni Àjàṣẹ́ wà, kì í ṣe orí òkun, ẹ̀yin sì sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ní Ouidah, Fọn ni wọ́n ń sọ. Ẹ ò ní ṣì í gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ní "kuabọ" fún yín lẹ́nu ọ̀nà.

Alàgbà, mo kí yín. Mo fẹ́ gbé mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ouidah. Mọ́tò náà kò sí lórúkọ mi, ti ilé iṣẹ́ wa ni. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n kọjá? Ìwé wo ni kí n kó dání? *Adéwálé, Ìbàdàn.*

Adéwálé, wọ́n á jẹ́ kí o kọjá bí o bá mú lẹ́tà àṣẹ dání láti ọwọ́ ẹni tó ni mọ́tò, kí nọ́ńbà mọ́tò àti orúkọ rẹ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì bá ọ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Ojúlówó ìwé mọ́tò ni kí o mú, kì í ṣe ẹ̀dà. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀, pásípọ́ọ̀tù, káàdì yẹ́lò ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọmọ ECOWAS ni ọ́, o ò nílò físà, o lè lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Lẹ́nu bodè, àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ á fún mọ́tò ní laissez-passer, ìwé ìgbélùú tó ní iye ọjọ́. Ka ọjọ́ náà kí o tó kúrò lójú wọn.

Èyí táwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé ni Brown Card, ìwé adójútòfò ECOWAS tí àdéhùn rẹ̀ wáyé ní Kútọnu ní 1982. Adójútòfò tí o ní nílé kò bo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní Benin àfi tí Brown Card bá wà lórí rẹ̀. Aṣojú kan ta ìwé kan fún mi nígbà kan tó ní òun ló jẹ́. Ìgbà tí zémidjan fara gbún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Pahou ni mo tó mọ̀ pé ìwé lásán ni. Owó àpò mi ni mo fi tún kẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin náà ṣe, tí mo fi tọ́jú orókún rẹ̀. Ọ́fíìsì adójútòfò rẹ gan-an ni kí o ti gbà á, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìnàjò.

Epo: wàá rí kpayo, epo inú ìgò lẹ́bàá títì, tó ń ti ọ̀dọ̀ tiwa lọ. Má da á sínú mọ́tò oníṣẹ́. Ilé epo ni kí o lọ. Kí owó wẹ́wẹ́ sẹ́fà wà lápò rẹ fún owó ojú ọ̀nà ní Ekpè àti Ahozon.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ mi méjèèjì mọ omi wẹ̀ dáadáa, London ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ṣé wọ́n lè wẹ̀ lókun Grand-Popo? *Ìyá Kẹ́hìndé, Peckham.*

Rárá, Ìyá Kẹ́hìndé. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ omi wẹ̀. Odò inú ilé ní London kì í fà, òkun yẹn ń fà. Ìgbì rẹ̀ á wó lulẹ̀ létí iyanrìn, omi tó ń padà á sì gbá ẹsẹ̀ èèyàn lọ sísàlẹ̀, àwọn apẹja tí wọ́n bí sídìí rẹ̀ gan-an kì í fi í ṣeré. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ omi ní ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kí wọ́n rìn nínú omi kó má ju kókósẹ̀ lọ, kí àgbàlagbà wà pẹ̀lú wọn, kí ìgbì sì wà níwájú wọn nígbà gbogbo, kì í ṣe lẹ́yìn. Bí ẹ bá ń gba yàrá, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ nínú ọgbà. Ọ̀pọ̀ ilé ìtura etíkun níbẹ̀ ló ní in, torí òkun yẹn náà ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.